Òkúta Àgbá Ìyá Ọkọ Mi

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Ọ̀kítóbà

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. A ò já ẹyọ ólífì kan. Likourgos jókòó sídìí fèrèsé, ó ń bú ojú ọ̀run. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò ní gbà. Ó ní òtútù òjò ló wọ òun lára. Ọkọ mi nìyẹn, ọdún mẹ́rìnlélógójì rèé.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Nọ̀fẹ́ńbà

Mo wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí. Èmi Garifalia, tí wọ́n bí sí ìlú yìí, tí mo ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, tí mò ń gba iwájú ilé yẹn kọjá tòun ti àpò ólífì láti kékeré, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí inú ẹ̀ ṣe rí. Mi ò gbèrò ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òjò ló ká mi mọ́ ibẹ̀ nígbà tí mò ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, mi ò sì mú agboòrùn dání.

Aristomenis tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbé ìkòkò efinrin rẹ̀ bọ́ sábẹ́ òrùlé.

"Màmá, ẹ wọlé jàre, kí òjò má baà gbé yín lọ."

"Èló ni wọ́n ń gbà?"

"Ọ̀fẹ́ ni. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù."

"Ṣé ó dá ọ lójú? Ìwọ tó o ṣe aṣọ́lé fún ìlú wa, tí bọ́ọ̀lù mẹ́fà kọjá lára ẹ lọ́jọ́ kan?"

"Ogún ọdún rèé, Màmá! Ẹ ò tíì gbàgbé?"

"Kò sẹ́ni tó máa gbàgbé ẹ̀ nílùú yìí."

Yàrá méjì péré ni. Ti àkọ́kọ́, ìkòkò ni, èyí tó fọ́ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ àti èyí tó fọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń di aṣọ mú, mo rí dígí ìwojú tí ò lè fojú ẹnikẹ́ni hàn mọ́. Mo ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ilé ìdáná ará àdúgbò tí kò sí nílé. Inú yàrá ẹ̀yìn ni mo ti rí ọmọbìnrin náà.

Òkúta mábù pẹlẹbẹ ni, gíga rẹ̀ dé àyà mi, wọ́n gbẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́wàá sára ẹ̀, ó gbé ẹyẹ kékeré lọ́wọ́. Òkúta sàréè ni, Aristomenis ló sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ọmọ náà ò bàjẹ́. Àmọ́ igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ti ré lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì bá a lọ láti ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀pá irin kan ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn kó má baà ṣubú. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ òsì tó kù. Ó wọ sálúbàtà. Wọ́n so okùn sálúbàtà náà nísàlẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n ta á ní kókó tó ní etí méjì bí ewé.

Mo mọ kókó yẹn. Kì í ṣe ojú mi ló mọ̀ ọ́n. Àtàǹpàkò mi ni.

Mo ní òjò ti dá. Kò tíì dá.

Ọjọ́ Ajé, 3 Nọ̀fẹ́ńbà

Oòrùn yọ. Likourgos ti lọ tẹ́ àwọ̀n sábẹ́ igi. Mo ní mò ń bọ̀, mo kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, mo ṣí àgbá.

Òkúta tó ń tẹ ólífì wa mọ́lẹ̀ nínú omi iyọ̀, bàbá Likourgos ló hú u nígbà tó ń gbẹ́ kànga, kí n tó wọ ilé yìí ni. Ìyá rẹ̀, Stamata, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ló fi í sórí ólífì. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo wọlé bí ìyàwó, mo dojú òkúta náà délẹ̀, Stamata sì gbá mi lọ́wọ́. "Ibi tó gbágungbàgun ló ń wà lókè! Níbẹ̀ lọwọ́ ti ń dì í mú. Kí ni wọ́n kọ́ ẹ nílé yín?" Mo ti ń gbé ibi gbágungbàgun sókè láti ọjọ́ náà wá. Mi ò sì dárí gbá yẹn jì í.

Mo gbé e jáde, mo nù ún. Kókó náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ní etí méjì, nítòsí ibi tó ti kán. Ní ìsàlẹ̀, níbi tó yẹ kí ọmọ ìka wà, kò sí nǹkan kan. Ó ń dán, ó jọ ọṣẹ tí wọ́n ti lò dé ìdajì. Omi iyọ̀ àti ọtí kíkan ti jẹ ẹ́ lọ.

Mo jókòó sórí àkàsọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, a ti ń jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ mọ́ búrẹ́dì. Ó rí mi lára, ẹ̀rín sì pa mí, méjèèjì pọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Nọ̀fẹ́ńbà

Mo purọ́ pé mò ń lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo mú òwú dání láti fi wọn igun tó ré. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní títì pa. Wọn kì í ṣí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ta ló mọ̀?

Ọjọ́bọ̀, 6 Nọ̀fẹ́ńbà

Mo ti wọ̀n ọ́n. Aristomenis bá mi lórí ìkúnlẹ̀.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mo fẹ́ hun ìbọ̀sẹ̀ fún un. Òtútù ń mú un."

"Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní o."

"Kò ní gba òwú púpọ̀ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àga fún mi, ẹnu rẹ̀ wá tú. Ọ̀pá irin ẹ̀yìn ọmọ náà ti ń dípẹtà, ìpẹtà ọ̀hún sì ti ń la mábù. Kiría Ourania, ìyáàfin tó jẹ́ ọ̀gá wọn láti Kalamata, ń bọ̀ lọ́jọ́ kejìlá Dìsẹ́ńbà. Wọ́n á tẹ́ ẹ sínú àpótí, wọ́n á gbé e lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí ní ìlú ńlá.

"Ìgbà wo ló máa padà?"

"Màmá, ohun tó bá wọ yàrá yẹn, ọmọ-ọmọ mi ló máa rí i. Ká ní igun ẹ̀ wà ni, ì bá dá dúró fúnra ẹ̀, wọn ò sì ní gbé e lọ síbì kankan."

Mo dé ilé, mo na òwú sára òkúta wa. Ó ṣe rẹ́gí, láti etí dé etí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Nọ̀fẹ́ńbà

Àpò mẹ́rìnlá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ mi wú. Wọ́n ní òróró máa wọ́n lọ́dún yìí, ọdọọdún sì ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún Likourgos nídìí ọbẹ̀ ẹ̀wà.

"Bàbá Nikitas, òkúta orí ólífì wa, ẹsẹ̀ èèyàn ni."

Ó jẹ búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ tán. "Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Ti ọmọbìnrin kan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo ti fi òwú wọ̀n ọ́n."

"O fòwú wọ̀n ọ́n. Ólífì wà lórí igi, òjò ń bọ̀, ìyàwó mi ń fòwú wọn òkúta."

"Wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá wà, wọn ò ní gbé e lọ."

"Ìyá Nikitas, gbọ́. Tó o bá gbé e débẹ̀, wọ́n á bi ọ́ pé ta ló hú u. Kí lo máa sọ? Pé bàbá mi ni. Òfin ní kéèyàn fà á lé wọn lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ tó bá rí i. Ọkùnrin tí ò jí ewé kan rí láyé ẹ̀, wọ́n á wá kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ ti àwọn olè."

"Ta ló dárúkọ olè?"

"Àwọn ni wọ́n máa dárúkọ ẹ̀! Bàbá mi ò sì sí láyé láti fèsì. Òkúta ìyá mi nìyẹn. Fi sílẹ̀ níbi tó wà."

Ó dìde, ẹ̀yìn gún un, ó tún jókòó. Mo bá a fi òróró ra á lẹ́yìn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ó jàre. Ọmọ náà náà sì jàre.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Nọ̀fẹ́ńbà

Òjò ò jẹ́ ká ṣiṣẹ́, mo lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo yí ọ̀rọ̀ po.

"Aristomenis, bí ẹnì kan, mi ò sọ pé ẹnì kan pàtó o, bá ní nǹkan àtijọ́ nílé, kí ni wọ́n ń fi onítọ̀hún ṣe?"

"Òfin ní kó mú un wá kíákíá."

"Bí kíákíá náà bá ti tó àádọ́ta ọdún ńkọ́?"

Ó wò mí. Ó wo ọmọbìnrin náà. Ó wo ọwọ́ mi tí omi iyọ̀ ti sọ di funfun. "Màmá," ló wí jẹ́jẹ́, "mo máa ń dití nígbà míì."

Ọmọ dáadáa ni. Bọ́ọ̀lù mẹ́fà yẹn, bóyá oòrùn ló wọ̀ ọ́ lójú.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Nọ̀fẹ́ńbà

Àjọ̀dún Ìyá Olúwa. Mo se àlìkámà, ẹ̀wà, ẹ̀wà lẹ́ńtì, àgbàdo pọ̀, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí irúgbìn lè yè. Mo bu abọ́ kan lọ fún Aristomenis. A jẹ ẹ́ níwájú ọmọ náà. Mo bi í pé kí ni orúkọ ẹ̀. Ó fi ṣíbí nawọ́ sókè òkúta: orúkọ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́tà méjì tó kẹ́yìn ló kù. Mo ń ronú kan gbogbo orúkọ obìnrin tí mo mọ̀, mo ń já ìbẹ̀rẹ̀ wọn dànù, bóyá ọ̀kan á bá a mu. Márùn-ún bá a mu. Orúkọ mi wà lára wọn.

Ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ òkúta náà fún un? Ìyá ẹ̀ ni, àbí bàbá? Ṣé wọ́n ní ólífì? Mo wo ẹyẹ náà títí. Ó jọ pé ọmọ náà fẹ́ tú u sílẹ̀, ó sì jọ pé kò fẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 27 Nọ̀fẹ́ńbà

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bu ólífì. Òkúta mìíràn ló wà lórí wọn. Òkúta odò, roboto, kò ní kókó, kò ní ibi gbágungbàgun kankan.

"Likourgos, òkúta yẹn dà?"

"Kò sí mọ́."

"Kò sí báwo?"

"Mo ti palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti tán."

Mo pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an, mi ò pè é ní Bàbá Nikitas. Ó gbọ́ ọ. Ó jáde lọ gé igi.

Mo sunkún, kí n má purọ́. Kì í ṣe nítorí òkúta nìkan. Ọdún mẹ́rìnlélógójì, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó mú nǹkan kúrò nílé láì wí fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Nọ̀fẹ́ńbà

Mo se ẹ̀wà lẹ́ńtì láìfi iyọ̀ sí i. Ó jẹ ẹ́ tán, kò ráhùn. Ẹlẹ́bi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Dìsẹ́ńbà

Mo wá gbogbo bèbè odò. Mo wo inú kànga pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Kò sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Dìsẹ́ńbà

Àpò tó kẹ́yìn ti dé ilé ẹ̀rọ. Òróró náà ṣú, ó ta lọ́fun bó ṣe yẹ kó ta. Ọdún tó kọjá, èmi àti Likourgos jọ ki búrẹ́dì bọ òróró àkọ́kọ́. Lọ́dún yìí, kálukú ki tirẹ̀ bọ ọ́. Nikitas pè láti Jámánì, ó bi mí pé, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní kò sí, òtútù ló mú mi lọ́fun.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà.

Ọjọ́bọ̀, 11 Dìsẹ́ńbà

Mo ti pinnu. N ó lọ bá Kiría Ourania lọ́la, n ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un, bí mi ò tiẹ̀ ní òkúta lọ́wọ́. N ó ní èmi ni mo gbé e sọnù. Orúkọ bàbá ọkọ mi kò ní tẹnu mi jáde. Ọmọ yẹn ò gbọ́dọ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Dìsẹ́ńbà

N ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí n tó sùn.

Likourgos ti jáde kí n tó jí. Ó ti sọ lálẹ́ àná pé ilé ẹ̀rọ òróró lòun ń lọ. Mo wọ kóòtù dúdú mi, mo wé ìborùn, mo lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti gbé àpótí onígi sọ̀ kalẹ̀. Aristomenis sáré pàdé mi.

"Màmá, mo fẹ́ẹ́ pè yín. Ẹ wọlé, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

"Àwọn wo?"

Likourgos ni. Ó jókòó sórí àga tí mo máa ń jókòó sí, níwájú ọmọ náà, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì, òkúta ìyá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó fi àwọ̀n ólífì wé e. Kiría Ourania, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ìgò sójú, dúró tì í, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wò ó."

"Mo ní ó dìgbà tí ìyàwó mi bá dé."

"Ìyàwó mi" tó wí yìí, mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, gbogbo inú tó ń bí mi dà nù sílẹ̀.

"Bàbá Nikitas," ni mo wí, "ṣé o ò ní o ti palẹ̀ ẹ̀ mọ́?"

"Abẹ́ àpò ólífì ni mo palẹ̀ ẹ̀ mọ́ sí." Kò wojú mi. "Mo fẹ́ fojú ara mi rí ọmọ náà ná. Kí n mọ̀ bóyá tòótọ́ lo wí."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá wá," Aristomenis wí. "Wọ́n ní tí mo bá sọ, àwọn á rán gbogbo ìlú létí bọ́ọ̀lù mẹ́fà."

Kiría Ourania fa ìwé yọ, ó béèrè ẹni tó rí i. Likourgos fa òkúta náà mọ́ra.

"Bàbá mi ni. Kànga ló ń gbẹ́. Kò mọ̀wé, kò sì jí nǹkan ẹnikẹ́ni rí. Ẹ kọ ìyẹn síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun."

Obìnrin náà ṣí bíírò rẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó yí ìwé náà sí i kó lè kà á: pé àgbẹ̀ kan rí i nígbà tó ń gbẹ́ kànga, pé àwọn ará ilé rẹ̀ tọ́jú rẹ̀, pé wọ́n fi ìfẹ́ ara wọn gbé e wá. Likourgos kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi orí gbà á.

"Ó dáa," ló wí. "Àmọ́ òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbé e. Òun ló mọ apá tó ń wà lókè."

Ó gbé e fún mi. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé ibi gbágungbàgun sókè, bí mo ti ń ṣe lọ́dọọdún, Kiría Ourania kúnlẹ̀ tì mí, ó ń darí ọwọ́ mi, "Díẹ̀ sósì. Díẹ̀ sí i. Jẹ́jẹ́." Ó wọlé. Ó dún kẹ́, bí ìdérí tó bá ìkòkò rẹ̀. Ẹ ò lè ki irun orí sáàárín wọn.

Ẹsẹ̀ náà dúró lórí ilẹ̀ bó ṣe dúró lórí ólífì wa ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. A ti gbé e ró láìmọ̀.

Kiría Ourania fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ tó ń dán. Ó ní omi ólífì ló jẹ ọmọ ìka, kò sí àtúnṣe. Ó wá fi ọwọ́ kan ojú ibi tó kán.

"Ibí yìí ni mi ò lóye. Kò jẹ ibí rárá."

"Omi kì í débẹ̀. Òkè ló ń wà."

"Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá ọkọ mi. Ó gbá mi lọ́wọ́ nítorí ẹ̀."

"Ká ní ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ bí ẹlòmíì ṣe máa ṣe é ni, ojú ibi tó kán ni ì bá jẹ tán. Ì bá má bá ibì kankan mu mọ́. À bá má tiẹ̀ mọ̀ pé tirẹ̀ ni."

Mo dárí gbá náà jì í. Níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ mi, mo ní, "Stamata, ẹ ṣé o." Likourgos bú sẹ́kún bí ọmọdé, ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun.

Ọkọ̀ akẹ́rù náà padà sí Kalamata lófìfo.

Ọjọ́ Ajé, 15 Dìsẹ́ńbà

Wọ́n ní iyọ̀ ti wọ inú òkúta náà, àfi kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ kó lè tú jáde, kí wọ́n máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́, kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Báyìí, inú ike ńlá kan ló wà lẹ́yìn tábìlì Aristomenis. Ó ti kúrò nínú àgbá, ó bọ́ sínú ike. Mo lọ wò ó. Aristomenis ti dojú ẹ̀ délẹ̀! Mo gbá a lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Jánúárì

Òtútù burúkú. Mo tọ́ omi ike náà wò. Iyọ̀ ṣì wà. Aristomenis ní Kiría Ourania ní ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀. Mo ní èmi ní ahọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 22 Jánúárì

Mo tọ́ ọ wò. Kò sí iyọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ Kiría Ourania gbà pẹ̀lú mi nígbà tó di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Fẹ́búárì

Sọ́ńdè àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni. A jọ lọ lẹ́yìn ìsìn, èmi àti Likourgos. Wọ́n ti yọ ọ̀pá irin. Ó dúró fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀, ọ̀kan ní ọmọ ìka márùn-ún, èkejì ò ní ìkankan. Aristomenis ní àwọn àlejò mẹ́rin ti béèrè ìdí ẹ̀, òun sì ń sọ ọ́ fún wọn, kódà òun ti ń bù mọ́ ọn.

Ìwé mi ti kún. Ó ku ojú ewé yìí nìkan. Òkúta odò yẹn ò dára lórí ólífì, ó ń yí gbirigbiri, mo ní láti wá òmíràn.

Likourgos sún mọ́ ọmọ náà. Ó ṣí fìlà. "Má bínú sí wa," ló wí fún un, "a ò mọ̀ ni." Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀, mo rò pé ẹ̀yìn ẹ̀ ti há. Ó yíjú sí mi, ojú rẹ̀ kún fún ìyanu.

"Ìyá Nikitas, wá. Bẹ̀rẹ̀. Wá gbóòórùn ẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀: omi ólífì àti ọtí kíkan.

"Ó ń rùn bí ilé wa," ló wí.